Ìgò sódà tí kò lè dúró, tó ní ọmọ gíláàsì lọ́rùn: ta ló mọ ibi tí irú ẹ̀ ti wá?

Ọmọ Ìpẹrù:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ ìgò kan ló gbé mi wá síbí, torí mo mọ̀ pé àwọn tó fẹ́ràn nǹkan àtijọ́ pọ̀ láàárín yín. À ń gbẹ́ fondéṣọ̀n sẹ́yìn ilé bàbá bàbá wa ní Ìpẹrù níbí, apá ibi tí ààtàn wà láyé àtijọ́ gan-an, ni ṣọ́bìrì bíríkìlà bá kan nǹkan, ó dún ko. Ọlọ́run ṣe é, ọmọlúàbí èèyàn ni, ó ju ṣọ́bìrì sílẹ̀ ó fọwọ́ gbẹ́ ẹ jáde, ìgò ni, odindi, kò sán níbì kankan.

Mi ò rí irú ẹ̀ rí láyé mi. Gíláàsì ẹ̀ nípọn, ó wúwo lọ́wọ́, àwọ̀ ẹ̀ dà bí omi ọ̀sà tí oòrùn ń ràn sí, kò ṣe búlúù kò ṣe gíríìnì. Ìdí ẹ̀ ò tẹ́jú rárá, ó rí roboto ó tún ṣe ṣóńṣó díẹ̀, tẹ́ ẹ bá gbé e kalẹ̀ ńṣe ló máa ṣubú táá yí lọ. Wọ́n wá fún ọrùn ẹ̀ wọlé lápá méjì, ọmọ gíláàsì roboto kan sì wà níbẹ̀ tó ń yí gbirigbiri, kò lè jáde lẹ́nu, kò sì lè bọ́ sínú ìgò. Báwo ni wọ́n ṣe ki í bọ ibẹ̀ gan-an ló kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu.

Lẹ́bàá ìdí ẹ̀ mo rí LANDS, tí lẹ́tà tó ṣáájú ẹ̀ ti jẹ, mo tún rí BARNSLEY. Níwájú ẹ̀ àkọlé ńlá wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ àmọ́ ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ tán, WATER nìkan ni mo rí kà.

Àwọn àgbà ilé wa sọ pé bàbá tó bí bàbá bàbá mi máa ń ná ọjà Ejìnrìn, pé ibẹ̀ ló ti ń gbé ẹrù Èkó wálé, pé ìgò yìí ti wà nílé kí òyìnbó tó jagun Ìjẹ̀bú. Mi ò fẹ́ já àwọn àgbà nírọ́ o, àmọ́ mo fẹ́ mọ òótọ́ ẹ̀. Ọkùnrin kan tó ń ra nǹkan àtijọ́ kiri ti gbọ́, ó ti fowó lọ̀ mí, ó ní kí n tètè gbé e wá. Ojú tó fi ń wò ó ló jẹ́ kí ara fu mí. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ṣe irú ìgò báyìí, níbo ló ti wá, báwo lèèyàn sì ṣe lè tọpa ẹ̀?

Bàbá Ṣágámù:
Ọmọ mi, o kú oríire. Ìgò jíìnì lásán ni, ó kún inú ilẹ̀ Rẹ́mọ fọ́fọ́, kò sí ilé àgbà tí wọn ò ti ní rí i tí wọ́n bá gbẹ́lẹ̀. Tẹ́ni yẹn bá fún ẹ lówó gidi, gbà á kó o fi kún sìmẹ́ǹtì.

Àǹtí Onígò, Ìjẹ̀bú-Òde:
Ẹ má bínú Bàbá, ẹ jẹ́ n dá sí i. Ti jíìnì kọ́ lèyí sà. Ìgò jíìnì tá a fi ń ṣètùtù tá a fi ń ṣèdána nílẹ̀ wa, onígun mẹ́rin ni, nǹkan kan kì í yí lọ́rùn ẹ̀. Ìgò sódà lèyí, ohun tó sì jẹ́ kó ṣọ̀wọ́n ni pé iṣẹ́ ọpọlọ èèyàn méjì ló pàdé lára ẹ̀, tí ẹnì kan fi ju ọgọ́ta ọdún lọ ṣáájú ẹnì kejì. Àbúrò mi ti Ìpẹrù, jọ̀ọ́ má tíì gbé e lọ fún ẹnikẹ́ni, fara balẹ̀ ka èyí ná.

Omi tó ń hó yìí, Joseph Priestley ló kọ́kọ́ rí ọ̀nà fi gáàsì sínú omi ní Leeds, lọ́dún 1767, ilé ìpọntí kan wà nítòsí ẹ̀, gáàsì tó ń jáde lórí ọtí tó ń hó níbẹ̀ ló lò. Nígbà tó di 1783, Jacob Schweppe, ọmọ Jámánì tó ń gbé Geneva, sọ ọ́ di òwò, ó sì wá sí London ní 1792. Sódà ti wà báyìí, àmọ́ ìdérí ló kù tó ń dà wọ́n láàmú. Kọ́ọ̀kì tí wọ́n fi ń dé e, tí ìgò bá dúró, kọ́ọ̀kì náà á gbẹ, tó bá gbẹ á súnkì, gáàsì á rọra gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ sá lọ, ẹni tó bá ṣí i á bá omi lásán. Ohun tí William Hamilton wá ṣe ní 1809 ni pé ó gba páténtì, ìyẹn ìwé àṣẹ tó fi hàn pé òun ló ni ọgbọ́n náà, fún ìgò tí kò nídìí, tó jẹ́ pé bó o fẹ́ bó o kọ̀ ó gbọ́dọ̀ dùbúlẹ̀. Tó bá ti dùbúlẹ̀ omi inú ẹ̀ á máa rin kọ́ọ̀kì, kò ní gbẹ. Ó tún ní àǹfààní kejì, torí ìdí roboto máa ń gba agbára gáàsì ju ìdí tó tẹ́jú lọ, ìgò ò sì ń tètè bú. Schweppes, ilé iṣẹ́ tí Jacob Schweppe dá sílẹ̀, lo irú ìgò yẹn gan-an, wọ́n sì ta ju mílíọ̀nù kan ìgò lọ níbi Àfihàn Ńlá tí wọ́n ṣe ní London ní 1851. Ìdí ìgò ẹ nìyẹn, ti Hamilton ni.

Ọrùn ẹ̀ wá ńkọ́? Hiram Codd ló ni ìyẹn, ọmọ England, páténtì ẹ̀ tó lókìkí jù jẹ́ ti 1872. Ó ní kí la tiẹ̀ ń fi kọ́ọ̀kì ṣe, ó fi ọmọ gíláàsì roboto rọ́pò ẹ̀. Inú ètè ìgò, tó o bá fọwọ́ kàn án, wàá rí kòtò tó yí po, òrùka rọ́bà ló máa ń wà níbẹ̀, ó dájú pé tìẹ ti jẹrà sínú ilẹ̀. Tí wọ́n bá fẹ́ rọ sódà, wọ́n á dojú ìgò kodò, ọmọ gíláàsì á já wá sẹ́nu, gáàsì inú sódà fúnra ẹ̀ ló máa tì í mọ́ rọ́bà yẹn gbagbagba. Bí gáàsì bá ṣe lágbára tó ni ìdérí náà á ṣe le tó, ọgbọ́n yẹn wú mi lórí gan-an, ó lo ohun tó ń bá wọn jà láti fi ṣiṣẹ́ fún wọn. Ẹni tó bá fẹ́ mu ún á fi igi kékeré ti ọmọ gíláàsì wọlé, á wá há sí ibi tí wọ́n fún lọ́rùn yẹn. Wo ọrùn ẹ̀ dáadáa, apá kan máa ní ihò kéékèèké méjì tí wọ́n tẹ̀ wọnú, ibẹ̀ ni ọmọ gíláàsì máa ń jókòó sí tó o bá ń dà á sẹ́nu, kó má bàa padà wá dí ọ̀nà. Tó o bá dà á láti òdìkejì, omi ò ní dà mọ́. Bí wọ́n ṣe ki í bọ ibẹ̀ tó o sì ń bi, kì í ṣe pé wọ́n ki í bọ ibẹ̀, ńṣe ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe ìgò tí ẹnu ẹ̀ ṣì fẹ̀, wọ́n ju ọmọ gíláàsì sí i, kí wọ́n tó wá fi iná àti irin ṣe ètè ẹ̀ kó fún.

Ìgò Codd tó wọ́pọ̀, ìdí ẹ̀ tẹ́jú, ó ń dúró dáadáa. Ìdí Hamilton àti ọrùn Codd lára ìgò kan ṣoṣo, àwọn tó ń kó ìgò jọ mọ̀ ọ́n, wọ́n sì máa ń wá a lójú méjèèjì. Ìdí nìyẹn tí oníṣòwò yẹn fi ń kánjú.

LANDS tó o rí pẹ̀lú BARNSLEY yẹn, RYLANDS ni. Barnsley wà ní Yorkshire, Ben Rylands ló ni ilé iṣẹ́ gíláàsì Hope Glass Works níbẹ̀, Codd sì bá a da òwò pọ̀, Dan ọmọ ẹ̀ ló wá gba iṣẹ́ náà lẹ́yìn ẹ̀. Codd kú ní 1887. Àmọ́ má parí ẹ̀ síbẹ̀ o! Orúkọ tó wà nídìí ìgò, ẹni tó ṣe gíláàsì ni. Orúkọ ńlá tó wà níwájú, ẹni tó ń rọ sódà sí i tó sì ń tà á ni. Ìgò lè ti Barnsley wá kí sódà inú ẹ̀ sì jẹ́ ti ìlú mìíràn pátápátá. Èyí tó parẹ́ yẹn gan-an ni kó o wá jáde.

Jọ̀ọ́ má fi kànìnkàìn irin fọ̀ ọ́, má sì bu omi gbígbóná sí i. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó rọ̀ ti tó. Tó o bá rí i tó ń dán ní oríṣiríṣi àwọ̀ bí oòrùn bá tàn sí i, ilẹ̀ ló ṣe é bẹ́ẹ̀, fi sílẹ̀. Tó bá gbẹ, fi bébà fẹ́lẹ́ lé àkọlé yẹn, kó o rọra fi ẹ̀gbẹ́ pẹ́ńsùlù fọ̀n ọ́n, lẹ́tà tí ojú ò rí á jáde. Tún wo ìlà tó gùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, níbi tí abala méjì móòdù, ìyẹn irin tí wọ́n fi ṣe ìgò, ti pàdé, kó o sọ ibi tó parí sí fún wa.

Ọmọ Ìpẹrù:
Haa, Àǹtí, ẹ ṣeun gan-an, Ọlọ́run á máa fi ìmọ̀ kún ìmọ̀ yín. Gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ pé máa rí ni mo rí, kòtò inú ètè, ihò méjì lápá kan ọrùn, ó wà níbẹ̀ pérépéré. Mo da omi sí i mo sì dà á jáde lápá méjèèjì, bẹ́ ẹ ṣe wí ló rí, lápá kejì ọmọ gíláàsì dí i pa!

Ìlà yẹn gùn wá láti ìdí, ó dúró lábẹ́ ètè, kò dé ẹnu.

Pẹ́ńsùlù wá mú nǹkan jáde o. Ìlà kìíní, orúkọ ni, kò ṣeé kà. Ìlà kejì, AERATED WATER, ìyẹn omi tí wọ́n fi gáàsì sí, ó hàn kedere. Ìlà kẹta ló ń dà mí lọ́kàn rú: lẹ́tà márùn-ún ni, L ló bẹ̀rẹ̀, S ló parí, àárín ti họ. Ìdílé mi ti ń jó o, wọ́n ní LAGOS ni. Èmi náà fẹ́ kó jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣé ó lè jẹ́ nǹkan mìíràn?

Àǹtí Onígò, Ìjẹ̀bú-Òde:
Ó lè jẹ́ LEEDS! Lẹ́tà márùn-ún ni, L ló bẹ̀rẹ̀ S ló parí, Leeds ò sì jìnnà sí Barnsley rárá. Má tíì jẹ́ kí wọ́n jó jù. Ìlà tó dúró lábẹ́ ètè yẹn fi hàn pé ọwọ́ ni wọ́n fi parí ẹnu ẹ̀, kì í ṣe ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ Michael Owens ní Amẹ́ríkà, tó bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí 1903, ìgò tiẹ̀, ìlà máa ń gba ètè kọjá dókè ni.

Àgbà Ejìnrìn:
Ẹ kú ìjíròrò o. Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀ láti àárọ̀, inú mi dùn, torí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò kì í sábà bèèrè irú nǹkan báyìí.

Ẹ jẹ́ ká wo ọ̀rọ̀ àwọn àgbà ilé yẹn bó ṣe tọ́. Wọ́n ní kí òyìnbó tó jagun Ìjẹ̀bú. Ogun Ìmagbọ̀n, May 1892 ni. Páténtì Codd, 1872. Ogún ọdún ló wà láàárín, nítorí náà ọ̀rọ̀ wọn ò tako ọjọ́ orí ìgò yìí. Àmọ́ pé nǹkan lè ṣẹlẹ̀, ìyẹn ò sọ pé ó ṣẹlẹ̀, ẹ má fi èkínní ṣe èkejì.

Láyé ìgbà yẹn, àwọn baba wa kì í jẹ́ kí àjèjì gba ilẹ̀ Ìjẹ̀bú kọjá lọ sókè. Etí ọ̀sà ni ọjà ti ń pàdé, Ejìnrìn, Ẹ̀pẹ́, Ìkòròdú. Ará Èkó á gbé ẹrù òyìnbó wá nínú ọkọ̀ ojú omi, ará ilé á gbé epo àti èkùrọ́ wá, ẹnu odò ni wọ́n ti ń ṣe pàṣípààrọ̀. Ejìnrìn tẹ́ ẹ ń gbọ́ yìí, ọjà tí ọkọ̀ ń kún ọ̀sà nítorí ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti Ìpẹrù wá, ọ̀nà Ìkòròdú ló yá jù fún un, Rẹ́mọ ti mọ ọ̀nà yẹn tipẹ́. Nítorí náà ọmọ mi, padà lọ bi àwọn àgbà, ṣé Ejìnrìn nìkan ni bàbá náà ń ná àbí ó ń ná Ìkòròdú pẹ̀lú, kó o sì bi wọ́n kí ni ó ń tà. Bí wọ́n bá ti ń sọ orúkọ ẹrù, ìtàn á máa jáde fúnra ẹ̀.

Ohun kan tún wà. Ìgò òfìfo náà máa ń rìn. Nílé àwọn ìyá wa, kò sẹ́ni tó ń ju ìgò nù, epo pupa ń wọ̀ ọ́, àgbo ń wọ̀ ọ́, kẹrosín-ìn náà ń wọ̀ ọ́. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé òfìfo ló dé Ìpẹrù, lẹ́yìn tí ẹlòmíràn ti mu sódà ẹ̀ l'Ékòó. Àmọ́ èyí tí kò lè dúró, tí ọmọ gíláàsì sì dí lọ́nà yìí, epo ò ní ṣeé rọ sí i láìṣe wàhálà, bóyá ìdí tó fi bọ́ sí ààtàn lódindi nìyẹn. Ẹ sì dúpẹ́ pé ọwọ́ ọmọdé ò tó o. Ní England àti ní Íńdíà, àwọn ọmọdé fọ́ ọ̀pọ̀ nínú ìgò wọ̀nyẹn kí wọ́n lè rí ọmọ gíláàsì fi ṣeré.

Olóko Kòkó, Ìjẹ̀bú-Igbó:
Mo gbádùn èyí gan-an. Mo fẹ́ fi ti ìgò Coca-Cola kún un torí ó kan ilẹ̀ wa lọ́nà tó ń dùn mọ́ mi nínú. Lọ́dún 1915 ilé iṣẹ́ yẹn sọ fún àwọn oníṣẹ́ gíláàsì ní Amẹ́ríkà pé àwọn ń fẹ́ ìgò téèyàn á fọwọ́ kàn lókùnkùn táá mọ̀ ọ́n, tó jẹ́ pé tó bá tiẹ̀ fọ́ sílẹ̀ wọ́n á ṣì dá a mọ̀. Root Glass Company ní Terre Haute, ìpínlẹ̀ Indiana, ló yege. Wọ́n lọ sí láíbìrì lọ wá àwòrán igi coca tàbí obì, torí orúkọ mínírà yẹn, àwòrán tí wọ́n wá bá níbẹ̀ ni ti kòkó, èso kòkó gan-an, ikùn ẹ̀ tó yọ àti àwọn ìlà tó gùn lára ẹ̀. Earl Dean ló yà á, orúkọ Alexander Samuelson ló wà lórí páténtì. Ikùn ẹ̀ ìgbà àkọ́kọ́ tiẹ̀ tóbi jù, kò dúró dáadáa lórí ẹ̀rọ tó ń gbé e lọ, wọ́n bá gé e tẹ́ẹ́rẹ́. Kòkó kì í sí nínú mínírà yẹn o. Ẹ wá wo àwa tá a gbin kòkó ní Ìjẹ̀bú-Igbó, tí àwọn ará Ṣágámù sì ń kó obì lọ sókè Ọya, tá à ń mu ún nígbà gbogbo láì mọ̀ pé èso tó wà lóko wa ló wà lọ́wọ́ wa.

Ìbéèrè mi sí Àǹtí: kí ló wá pa ìgò Codd?

Àǹtí Onígò, Ìjẹ̀bú-Òde:
Ìdérí mínírà tẹ́ ẹ fi eyín tàbí ọ́pùnà ṣí yìí ni. William Painter ní Baltimore gba páténtì ẹ̀ ní February 1892, oṣù mélòó kan péré ṣáájú ogun Ìmagbọ̀n tí Àgbà Ejìnrìn sọ. Ó rọrùn, kò wọ́n, ẹ̀rọ lè dé e kíákíá, ó sì bá ìgò ẹ̀rọ Owens mu. Àmọ́ ìgò Codd ò kú tán, wọ́n ṣì ń fi ta sódà ní Íńdíà, wọ́n sì ń ta mínírà kan tó ń jẹ́ Ramune nínú ẹ̀ ní Japan dòní.

Akẹ́kọ̀ọ́ Àgọ́-Ìwòyè:
Ẹ kú ọjọ́ yìí ẹ̀yin àgbà. Ìtàn ni mò ń kọ́, ẹ jẹ́ n sọ bí ẹ̀gbọ́n Ìpẹrù ṣe lè parí ọ̀rọ̀ LAGOS àti LEEDS yìí.

Ẹ kọ́kọ́ wo lẹ́tà kejì. Tó bá jẹ́ A, ẹsẹ̀ méjì tó tàn sọ́tọ̀ ló máa ní nísàlẹ̀. Tó bá jẹ́ E, igi kan ṣoṣo lápá òsì, pẹ̀lú ìlà tó dùbúlẹ̀ nísàlẹ̀. Lẹ́tà kẹta náà bẹ́ẹ̀, ìdí G roboto ni, ìdí E tẹ́. Ẹ má gbìyànjú láti ka odindi lẹ́tà, ìsàlẹ̀ wọn nìkan ni kẹ́ ẹ wò, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù láti ẹ̀gbẹ́ lókùnkùn, kì í ṣe láti iwájú.

Tó bá jẹ́ LAGOS, ìwé ìròyìn Èkó àtijọ́ ni kẹ́ ẹ dojú kọ. Lagos Weekly Record bẹ̀rẹ̀ ní 1891, àwọn mìíràn ṣáájú ẹ̀, wọ́n máa ń polówó ọjà nínú wọn, ẹ máa wá ìpolówó tí aerated water bá wà nínú ẹ̀, kẹ́ ẹ fi orúkọ ibẹ̀ wé iye lẹ́tà tó wà ní ìlà kìíní ìgò yín. Ilé àkójọ ìwé ìjọba tó wà nínú Yunifásítì Ìbàdàn ní ìwé ìròyìn wọ̀nyẹn, àwọn fáìlì Ìjẹ̀bú Province náà wà níbẹ̀. Ẹ ṣètò ọjọ́ pípẹ́ o, torí ìwé àtijọ́ kì í ṣe nǹkan tá a ń fi ìkánjú ṣí.

Tẹ́ ẹ bá rí Rd No àti nọ́ńbà níbikíbi lára ẹ̀, ẹ yọ̀, torí England bẹ̀rẹ̀ nọ́ńbà yẹn ní 1884 fún iṣẹ́ ọnà tí wọ́n bá forúkọ ẹ̀ sílẹ̀, ìwé àkọsílẹ̀ ẹ̀ sì wà ní National Archives ní Kew, ní London. Ṣáájú 1884, láti 1842, àmì onígun mẹ́rin tó dúró lórí ìgun ni wọ́n ń lò, III tó bá wà lókè ẹ̀ túmọ̀ sí gíláàsì, àwọn lẹ́tà àti nọ́ńbà tó wà láwọn ìgun ẹ̀ ń sọ ọjọ́, oṣù àti ọdún.

Àmọ́ èyí tó ṣe pàtàkì jù lójú tèmi, ẹ̀gbọ́n, kò sí lára ìgò yẹn, inú kòtò tó ti jáde ló wà. Ìgò nìkan ò lè sọ ìgbà tó bọ́ sínú ilẹ̀ ní Ìpẹrù, àwọn nǹkan tó bá sùn sí ìpele ilẹ̀ kan náà ló máa sọ ọ́. Àpáàdì, àwo òyìnbó tó fọ́, páìpù tábà alámọ̀, owó ẹyọ, kọ́bọ̀ tó ní ọdún lára, tẹ́ ẹ bá rí owó tó ní 1910 lábẹ́ ibi tí ìgò yẹn sùn sí, a jẹ́ pé lẹ́yìn 1910 ló bọ́ sínú ilẹ̀, ilẹ̀ yẹn ò sì ní lè jẹ́rìí sí ìtàn kí ogun tó dé, àyàfi tí ẹnì kan bá ti gbẹ́ ibẹ̀ rí tó da ilẹ̀ rú. Ẹ wọn bó ṣe jìn tó láti òkè, ẹ gbé rúlà síbẹ̀ kẹ́ ẹ ya fọ́tò ògiri kòtò náà, ẹ bẹ bíríkìlà kó rọra fi ọwọ́ tú ilẹ̀ tó kó jáde. Ọjọ́ wo ni wọ́n fẹ́ da kọnkéré?